Ajá mi lá òróró ẹran ìnáwó tán, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè, alẹ́ Sátidé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà. Òní la sin ìyá àgbà wa. Láti àná ni wọ́n ti ń dín ẹran lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ijó lọ, ajá mi já okùn. Ó lá òróró tó ṣẹ́kù nínú agbada, ó sì jẹ awọ tòlótòló àti ọ̀rá ẹran tí wọ́n kó sínú abọ́ kan. N kò mọ bó ṣe pọ̀ tó, àmọ́ abọ́ náà mọ́ bí ẹni fọ̀ ọ́. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì láti ìrọ̀lẹ́. Màmá mi ní kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Bọ̀ọ̀dá mi ní omi iyọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ wọn tó wá láti Èkó ní Flagyl méjì ti tó. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ajá ìbílẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tóbi púpọ̀.

\* \* \*

Àbúrò, má gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn ìyá àgbà á dára.

Kọ́kọ́ gbé agbada àti abọ́ yẹn wọlé, kí o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Má rò pé mo ń ṣeré. Ajá tó bì tán kì í ronú pìwà dà, ìdí agbada ló tún ń wò. Lẹ́yìn náà, gbé tọ́ọ̀ṣì, lọ wo ibi tó ti jẹun. Ṣé àlùbọ́sà wà nínú ohun tó jẹ? Eegun ńkọ́? Igi tí wọ́n fi gún ẹran, náílọ́ọ̀nù tí ẹran wà nínú rẹ̀? Ọ̀rá nìkan ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀rá àti eegun ní ọ̀nà tiwọn. Yẹ èébì rẹ̀ wò pẹ̀lú, kí o sì fi fóònù yà á, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá di ti dókítà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.

Má fún un lóúnjẹ mọ́ lálẹ́ yìí. Omi ni kí o máa bù fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ìdajì ife kékeré, lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tún bu díẹ̀. Bí o bá gbé abọ́ omi ńlá síwájú rẹ̀, á mu ún gbùdùgbùdù, á sì dà á padà sórí kápẹ́ẹ̀tì yín.

Ó ṣeé ṣe kó má ju báyìí lọ. Ọ̀pọ̀ ajá tó bá jẹ ọ̀rá jù á bì, á yàgbẹ́ gbuuru títí di ọjọ́ kejì, nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ kẹta, á ti máa gbó àlejò. Àmọ́ fi èyí sọ́kàn kí o tó sùn: alẹ́ òní kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀la àti ọ̀túnla ni.

\* \* \*

Kí n tó gbàgbé, nítorí àwọn tó ní ajá ńlá tó ń kà á. Bí ikùn ajá bá wú le bí ìlù, tó ń fẹ́ bì, tó ń sapá, tí nǹkan kan ò sì jáde, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ikùn ti lọ́ pọ̀ nìyẹn. Ó máa ń ṣe Boerboel, Alsatian, àti àwọn tí àyà wọn jìn, wákàtí díẹ̀ ló sì fi ń pa wọ́n. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i nílé.

\* \* \*

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ epo pupa ló máa dá ìjà sílẹ̀, ó sì ti dá a. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Àwọn tó pọ̀ jù ní epo kì í bà á tì, epo ni ẹ̀rọ̀. Ẹnì kan láti Ìkọ̀lé ní bàbá òun fi epo gba ajá méjì lọ́wọ́ oògùn eku. Mi ò ní bá ẹni tó fojú rí jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bi í pé ajá mélòó ni bàbá fún ní epo tó kú tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ìtàn wọn. Oògùn kòkòrò mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé epo ló ń bá a tètè wọ ara.

Ẹ jẹ́ ká fi ti májèlé sílẹ̀ ná. Ajá àbúrò wa yìí, ọ̀rá ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Epo pupa ńkọ́, kí ni? Ọ̀rá náà ni! Ṣé a máa ń bu omi lé ẹni tí odò ń gbé lọ lórí ni? Ẹ tún wo bí ẹ ṣe máa fún un: ẹ ó di ẹnu rẹ̀ mú, ẹ ó là á, ẹ ó sì rọ ọ́. Ajá á máa jà, epo á gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lọ sùn pẹ̀lú ajá tí inú ń run, ẹ jí bá ajá tí kò lè mí.

Omi iyọ̀ burú ju epo lọ. Iyọ̀ tó bá pọ̀ tó láti mú ajá bì lè pọ̀ tó láti mú gìrì gbé e. Àti pé kí la fẹ́ fi mú un bì sí? Ó ti ń bì fúnra rẹ̀.

Ti Flagyl, mi ò ní purọ́, dókítà ẹran máa ń lò ó nígbà mìíràn. Àmọ́ bí ajá bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bó bá sì pọ̀ jù, ẹ ó rí i tí ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ti ìdí ẹmu bọ̀. Ẹni tó wá ní kí a fún un ní oògùn ìrora tiwa nítorí inú tó ń run ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àbá yẹn rẹ́. Ibuprofen àti diclofenac ń dá egbò sínú ikùn ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀dọ̀ ni paracetamol máa ń bá jà. Omi àgbọn? Kò ní pa á, kò sì ní wò ó sàn. Ẹ mu omi àgbọn yín.

\* \* \*

"Ajá àwọn bàbá wa ń jẹ gbogbo nǹkan, kò sì ṣe wọ́n."

Mo ti ń retí gbólóhùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́. Ọdẹ ni bàbá mi, apá Ọ̀yẹ́ la dàgbà sí, ajá ò sì wọ́n nílé wa. Uyán àná (ẹ̀yin ará Ìbàdàn, iyán ni mò ń wí) ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Bí wọ́n bá pa ọ̀yà tàbí ìgalà, ajá á rí nínú ìfun rẹ̀ jẹ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹran ìgbẹ́ kì í lọ́ràá bí ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Ajá náà á ti fi gbogbo òru sáré nínú igbó kó tó rí ìyẹn jẹ. Ta ní ajá tirẹ̀ ń sáré ju láti ẹnu géètì dé ìdí tánkì omi lónìí? A so ó mọ́lẹ̀, ó sanra, a wá gbé gbogbo ọ̀rá ìnáwó fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ajá tó sanra tó sì ti ń dàgbà gan-an lọ̀rọ̀ yìí tètè máa ń mú.

Èkejì, ta ló sọ pé kò ṣe wọ́n? A ò mọ̀ pé òun ló ṣe wọ́n ni.

Bàbá mi ní ajá kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò. Ọdún Ògún ni. Ìré ò jìnnà sí wa, ẹ sì mọ ohun tí Ògún ń jẹ, a ti fi Ẹ̀yìnlàárò pa mọ́ sínú yàrá kí ojú ẹnikẹ́ni má baà wà lára rẹ̀. Lálẹ́, wọ́n ní kí òun náà ṣọdún, wọ́n kó ọ̀rá ẹran tó kù fún un, ọ̀pọ̀ yanturu. Lọ́jọ́ kejì, ó bì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ọwọ́ iwájú méjèèjì lélẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń forí balẹ̀ fún ọba. Àwa ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń ṣeré. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kú.

Bàbá mi ní aládùúgbò wa kan ló fún un ní májèlé, nítorí pé ajá náà ti pa adìẹ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò. Ọkùnrin náà búra, bàbá mi ò gbà. Títí tí àwọn méjèèjì fi kú, wọn ò kí ara wọn. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí dókítà ẹran kan tó sọ fún mi pé bí ajá bá ń dúró báyẹn, inú rírun ló fà á, ó sì bi mí bóyá ó jẹ ọ̀rá. Ti ajá mìíràn ló ń bi mí o. Ti Ẹ̀yìnlàárò ló sọ sí mi lọ́kàn.

\* \* \*

Ẹnì kan ní kí n ṣàlàyé bí ọ̀rá lásán ṣe ń pa ajá. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, pancreas lorúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, àwa náà ní in. Òun ló ń pèsè omi tó ń lọ ọ̀rá àti ẹran. Inú ìfun ló yẹ kí omi yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí nǹkan bá dojú rú, ibi tó ti ń jáde gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa lọ ẹ̀yà ara tó pèsè rẹ̀. Ara á wú níbẹ̀, á máa ro ajá gidigidi, nígbà mìíràn á ràn dé àwọn ẹ̀yà ara tó kù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe alẹ́ tó jẹun ló máa ń le. Ó lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

\* \* \*

Àárọ̀ Sọ́ńdè, ẹni tó bèèrè tún kọ̀wé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ó tún bì láago márùn-ún, omi yẹ́lò ló ń jáde. Kò fẹ́ dìde. Mo fún un ní ìrẹsì díẹ̀, ó yí ojú kúrò. Bọ̀ọ̀dá ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ara á tò."

Bọ̀ọ̀dá yín ò já a láti ojú ọ̀run. Àwọn dókítà ẹran fúnra wọn máa ń fi ebi pa irú ajá bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láyé àtijọ́. Wọ́n ti ń kúrò níbẹ̀ báyìí: bí èébì bá ti dá, wọ́n fẹ́ kí ajá tètè jẹ oúnjẹ tí kò lọ́ràá, nítorí ìfun tó ṣófo pẹ́ jù náà ń ṣàìsàn. Tèmi ni pé bí ajá tó ti dàgbà bá fi nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá sinmi oúnjẹ, ó tó. Ọmọ ajá àti àwọn ajá kéékèèké bíi Lhasa, ẹ má fi ebi pa wọ́n rárá, okun wọn ń tètè tán.

Àmọ́ ìyẹn ò sí lọ́rọ̀ tìẹ mọ́. Ajá tó bì lálẹ́, tó tún bì láàárọ̀, tí kò fẹ́ dìde, tó yí ojú kúrò lára oúnjẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ. Kí o tó gbé e, ṣí ètè rẹ̀, fi ìka kan èrìgì rẹ̀. Ṣé ó tutù yọ̀, àbí ó lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́? Fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá tètè padà sáyè rẹ̀, omi ti tán lára rẹ̀. Fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí o wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ikùn. Jẹ́jẹ́ ni mo wí o, ajá tó ń jẹ̀rora lè bu olówó rẹ̀ jẹ.

Ìkẹ́rẹ́ sí Adó ò jìnnà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni kí o wọ̀, má gbé e sáàárín ìwọ àti ọlọ́kadà. Kọ́kọ́ pe dókítà kí o tó gbéra, Sọ́ńdè ni, ọ́fíìsì dókítà ẹran ti ìjọba á ti tì.

\* \* \*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, torí mo ń rí i pé àwọn kan ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ tó wà nítòsí.

Lọ́dún bíi mẹ́fà sẹ́yìn, Adó níbí, ajá mi Tanímọ̀la jẹ ìdajì kéèkì àti gbogbo awọ adìẹ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó bì. Mo gbé e lọ sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò bi mí ní ohun tó jẹ. Ó ní aràn ni, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó tún fún un ní oògùn aràn mu. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Tanímọ̀la fi iwájú lélẹ̀, ó gbé ìdí sókè.

Ara mi tutù. Mo ti rí ìdúró yẹn rí.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ dókítà gidi. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró àti ti ìrora, èyí tí wọ́n ṣe fún ajá. Owó tí mo san tó ra ewúrẹ́, ìyàwó mi ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Òun ni dókítà tó bi mí ní ìbéèrè ọ̀rá tí mo sọ lókè. Tanímọ̀la yè. Àmọ́ títí dòní, bí ó bá jẹ awọ adìẹ kékeré báyìí, inú á tún bẹ̀rẹ̀. Ajá tí èyí bá ti ṣe rí, ó rọrùn kó tún ṣe é.

Ẹni tó ń ta oògùn adìẹ ń ta oògùn adìẹ ni. Mi ò bú u. Àmọ́ bí ẹni tó fẹ́ gún ajá yín ò bá tíì bèèrè ohun tó jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́, ẹ gba ajá yín padà.

\* \* \*

A ti ya kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ya tán.

Sí ẹni tó bèèrè nípa àlùbọ́sà: òótọ́ ni. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ sísè. Gírámù 15 sí 30 àlùbọ́sà fún kílò ara ajá kan ni wọ́n ti rí i pé ó ń ṣe é ní nǹkan. Fún ajá kílò mẹ́wàá, ìyẹn ò ju àlùbọ́sà ńlá kan lọ. Kì í tún tètè hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èrìgì á funfun, ìtọ̀ á pọ́n. Nítorí náà, súyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rá nìkan: ọ̀rá wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà, ata wà, igi wà. Igi yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, ajá máa ń gbé e mì nítorí òórùn ẹran tó wà lára rẹ̀, ó sì lè lu ìfun. Bí ó bá ti gbé igi tàbí eegun sísè mì, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, ohun tó ní ẹnu ṣóńṣó lè ya ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Uyán lásán ò ṣe ajá ní nǹkan, ọbẹ̀ tó bá a rìn ni ẹjọ́. Ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ kún fún epo, a tún wá da epo pupa lé e.

Sí ẹni tó ní kí àbúrò wa má wulẹ̀ náwó, kó tà á fún àwọn oní-404, àwọn tó ń ta ẹran ajá: mo rẹ́rìn-ín, mi ò parọ́. Àmọ́ ọmọ yìí ń sunkún nídìí ajá rẹ̀ lẹ́yìn tó sin ìyá àgbà tán. Jẹ́ kó simi.

\* \* \*

Ọ̀sán Mọ́ńdè, ẹni tó bèèrè: "Ẹ ṣé o sà. Dókítà fa omi sí i lára lánàá, wọ́n tún gún un láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí ẹ ṣe sọ náà ni. Kò bì mọ́ láti òru, ó ń ju ìrù. Màmá ní ṣé kí àwọn da ọbẹ̀ díẹ̀ sórí ìrẹsì rẹ̀, torí ó ti rù."

Inú mi dùn. Bá mi kí màmá, kí o sì sọ pé ọbẹ̀ kọ́. Ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa, láìsí iyọ̀, láìsí máàgì, àti àyà adìẹ bíbọ̀ tí ẹ ti bó awọ rẹ̀ kúrò. Bí omi adìẹ náà bá tutù, ẹ ó rí ọ̀rá tó léfòó sókè, ẹ kó ìyẹn dànù. Ìwọ̀n síbí méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Bí ó bá dúró nínú rẹ̀ di ọ̀la, ẹ fi kún un. Bó bá bì, ẹ dúró, kí ẹ pe dókítà. Ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà sí oúnjẹ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa fi pò ó. Ẹ tù ú nínú, mo mọ̀ pé á máa wo ojú yín bí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè.

Kò tíì bọ́ tán o. Máa wò ó títí di Wẹ́sìdeè.

Ṣé agbada yẹn ti kúrò lẹ́yìnkùlé ṣá? Láti alẹ́ Sátidé ni mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, o ò tíì dá mi lóhùn.